Nọ́ọ̀tì Idẹ Tó Sán Nílé Ọmọ Adìẹ: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Ní Rẹ́mọ

Oko adìẹ kan wà lójú ọ̀nà Ìlíṣàn sí Ìkẹ́nnẹ́. Ọmọ adìẹ ọlọ́jọ́ kan ni ìyá tó ni oko náà máa ń rà. Á tọ́ wọn títí ìyẹ́ á fi bo ara wọn dáadáa, á wá tà wọ́n fún àwọn tó ń sin adìẹ ẹlẹ́yin káàkiri Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú. Ọmọ adìẹ ọlọ́jọ́ kan kò lè dá mú ara rẹ̀ móoru. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru ìwọ̀n 32 sí 35 Sẹ́líṣíọ̀sì ló ń fẹ́, òjò oṣù keje kò sì ní gbà fún un. Brúdà onígáàsì, ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ adìẹ móoru, ni wọ́n so kọ́ sókè nínú ilé náà. Páìpù bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé gáàsì lọ bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nọ́ọ̀tì idẹ ló sì so páìpù mọ́ ẹnu brúdà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, awakọ̀ tó gbé oúnjẹ adìẹ wá ló kọ́kọ́ gbóòórùn gáàsì. Àwọn òṣìṣẹ́ tó sùn mọ́jú níbẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan, nítorí pé imú ẹni tó bá pẹ́ nínú òórùn ìgbẹ́ adìẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ lọ, ìyẹn ibi tí àwọn ọmọ adìẹ wà gan-an, iná brúdà sì ń jó lókè wọn. Ìyá náà pa gbogbo sílíńdà, ó sì ránṣẹ́ pe ọ̀gá onígáàsì tó ṣe iṣẹ́ náà.

Ọ̀gá yìí fi kànìnkànìn pa ọṣẹ sí gbogbo oríkèé páìpù. Níbi nọ́ọ̀tì kan, ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Nígbà tó nù ún, ó rí i pé nọ́ọ̀tì náà ti sán láti ẹnu dé ìdí, ojú sísán náà sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé èékánná kò lè mọ̀ ọ́n. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó lọ. Kò pẹ́ tí méjì mìíràn tún sán nínú ilé kan náà. Òru tí wọ́n fi pa gáàsì nígbà kejì yẹn, òtútù pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ adìẹ.

Ta ló jẹ̀bi? Kò gba àkókò kí wọ́n tó dáhùn. Ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá náà ló de gbogbo nọ́ọ̀tì ilé yẹn, ọmọkùnrin náà sì lágbára. Wọ́n ní ó fi spánà fà á jù. Ọ̀gá gbà bẹ́ẹ̀, ìyá olóko gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dá owó ọmọ adìẹ tó kú lé e lórí. Èyí tó dun ìdílé ọmọ náà jù ni pé ọ̀gá sún fírídọ̀mù rẹ̀ síwájú. Wọ́n ti dá ọjọ́, wọ́n ti ra aṣọ ẹbí. Ìyá rẹ̀ lọ kúnlẹ̀ fún ọ̀gá, ìyá ìyá rẹ̀ náà lọ. Ọ̀gá ní òun kò bínú, ṣùgbọ́n òun kò lè dá ẹni tí kò mọ spánà á lò sílẹ̀ kó máa lọ so gáàsì sílé onílé.

Àbúrò bàbá ọmọ náà ń bá mi ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń yẹ irin wò. Òun ló kó àwọn nọ́ọ̀tì tó sán wá fún mi nínú ọ̀rá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá lóòótọ́ ni ọmọ wa ló fọ́ ọ.”

Ohun tó wà lára nọ́ọ̀tì

Tí ènìyàn bá fi spánà fa nọ́ọ̀tì idẹ jù, ó ní bó ṣe máa ń rí. Igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀ á ti jẹ, eyín inú rẹ̀ á ti nà, ẹnu páìpù bàbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì ti tẹ́ pẹlẹbẹ, nítorí pé bàbà rọ̀ ju idẹ lọ. Mo de awò tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń dè mójú, mo yẹ wọn wò. Igun wọn mú, eyín wọn pé. Mo ní kí wọ́n gé ẹnu páìpù kan wá fún mi láti oko, kò tẹ́. Idẹ máa ń nà díẹ̀ kó tó já, àwọn wọ̀nyí kò sì nà rárá. Wọ́n kàn ṣí ni.

Àwọ̀ inú ojú sísán náà tún wà níbẹ̀. Idẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já máa ń dán. Èyí ti dúdú, ó sì ní àwọ̀ aró díẹ̀ létí. Ohun kan ti ń wọ inú rẹ̀ tipẹ́ kó tó di pé ó là já.

Mo lọ sí oko fúnra mi. Mo bi ìyá náà bóyá nọ́ọ̀tì irú rẹ̀ wà níbòmíràn. Ó ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n so gáàsì ilé ìdáná àwọn òṣìṣẹ́, inú páálí kan náà ni wọ́n ti mú nọ́ọ̀tì, ọmọ kan náà ló sì dè é. Mo yẹ gbogbo wọn wò, kò sí èyí tó sán. Nígbà tí a padà dé ilé ọmọ adìẹ, mo rí agolo mílíìkì kan lórí pákó lẹ́bàá ògiri, tí ọ̀gá kó àwọn nọ́ọ̀tì tó ṣẹ́kù sí fún ọjọ́ mìíràn. Mo da agolo náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀kan nínú wọn ti sán láti ẹnu dé ìdí, bẹ́ẹ̀ spánà kankan kò kàn án rí.

Ní tèmi, ẹjọ́ ọmọ iṣẹ́ parí níbẹ̀. Ọ̀gá onígáàsì ló kù tí mo ní láti yí lọ́kàn padà, ọkùnrin tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iṣẹ́, tí kò sì ní gbà pé irin lè ṣàdédé sán nínú agolo.

Bí idẹ ṣe rí nínú

Bàbà àti sínkì ni wọ́n pò di idẹ. Ká kọ́kọ́ wo bàbà nìkan. Àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí ojú kò lè rí tó para pọ̀ di í, tò sí ìpele ìpele, bí ẹni tó ń ta ọsàn lẹ́bàá títì Ṣàgámù ṣe ń to tirẹ̀: ọsàn ìpele òkè máa ń jókòó sínú kòtò tó wà láàárín àwọn ti ìsàlẹ̀. Átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò 12 tó fara kàn án. Tí a bá ka átọ́ọ̀mù sí bọ́ọ̀lù, ìdá 74 nínú 100 àyè tó wà níbẹ̀ ni wọ́n gbà, òfìfo ni ìyókù. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè to bọ́ọ̀lù tí ìwọ̀n wọn dọ́gba kó há ju bẹ́ẹ̀ lọ. Johannes Kepler ti sọ ọ́ ní 1611, ṣùgbọ́n ìgbà tó di 1998 ni Thomas Hales tó kéde ẹ̀rí rẹ̀, kọ̀ǹpútà ló sì fi ṣe púpọ̀ nínú ìṣirò náà. Àwọn tó ń ta ọsàn kò dúró de ẹ̀rí kankan.

Kì í ṣe gbogbo irin ló ń há tó bẹ́ẹ̀. Irin lásán, èyí tí à ń fi rọ ọkọ́ àti àdá, aládùúgbò 8 ni átọ́ọ̀mù rẹ̀ ní ní ooru tí à ń gbé nínú rẹ̀ yìí, ìdá 68 nínú 100 ló sì ń gbà. Tí ooru rẹ̀ bá kọjá 912 Sẹ́líṣíọ̀sì, á tún ara rẹ̀ tò, á máa gba ìdá 74 nínú 100 bíi ti bàbà.

Báwo ni sínkì ṣe wá ráyè láàárín bàbà? Ìwọ̀n wọn ló fà á. Ìdajì ìbú átọ́ọ̀mù bàbà jẹ́ nǹkan bí 0.128 nanomítà (nanomítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà kan), ti sínkì fi díẹ̀ jù ú lọ. William Hume-Rothery, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi hàn pé tí ìyàtọ̀ láàárín ìwọ̀n átọ́ọ̀mù méjì bá ti kọjá bí ìdá 15 nínú 100, ọ̀kan kò ní lè jókòó dáadáa sí àyè èkejì. Ìyàtọ̀ ti bàbà àti sínkì kò tó 5. Nítorí náà sínkì á yọ bàbà nípò, á jókòó síbẹ̀, ètò kò sì ní yí padà. Tòjé yàtọ̀. Átọ́ọ̀mù òjé tóbi ju ti bàbà lọ ní ohun tó lé ní ìdá 30 nínú 100, ètò náà kò sì gbà á láyè. Bí wọ́n bá da òjé sínú idẹ, á kó ara rẹ̀ jọ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ sí kọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ṣe nọ́ọ̀tì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé òjé yìí kì í jẹ́ kí idẹ wé mọ́ ọ̀bẹ ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n bá ń gé e.

Sínkì náà ní ibi tó lè dé. Bó bá ti kọjá bí ìdá 35 sí 39 nínú 100, apá kan idẹ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í to ara rẹ̀ ní ọ̀nà kejì, èyí tó ń gba ìdá 68 nínú 100 bíi ti irin lásán. A yẹ nọ́ọ̀tì wọ̀nyí wò. Bàbà inú wọn lé díẹ̀ ní 60 nínú 100, òjé bíi 3, ìyókù sínkì. Nígbà tí mo fi sáńpépà dán ọ̀kan títí ó fi ń ṣe bíi dígí, tí mo ta ásíìdì díẹ̀ sí i, tí mo gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù, gbogbo wọn hàn kedere: àwọn hóró aláwọ̀ wúrà, abala kékeré mìíràn tó ṣókùnkùn jù wọ́n lọ láàárín wọn, àti òjé tó wà ní tó-tò-tó dúdú káàkiri. Ojú sísán náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ń yí, ó ń kọ́ igun, ààlà hóró sí hóró ló sì ń tọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi tó gbà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ààlà yìí. Nígbà tí idẹ yíyọ́ bá ń dì, kì í dì láti ojú kan. Yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi, ibi kọ̀ọ̀kan á máa to átọ́ọ̀mù tirẹ̀, títí wọ́n á fi pàdé; ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tò jọ ni mo pè ní hóró. Ètò kan náà ni gbogbo wọn ń tò, ṣùgbọ́n ọ̀kan dojú kọ ìlà oòrùn, èkejì dojú kọ gúúsù. Níbi tí wọ́n ti pàdé, àwọn átọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ kò bá ti ọ̀tún mu, wọn kò bá tòsì mu. Kò sí ẹni tó dì wọ́n mú bó ṣe yẹ.

Inú hóró gan-an kò pé. Láàárín ètò náà, àyè átọ́ọ̀mù kan lè ṣófo. Bí ooru bá sún mọ́ èyí tí bàbà fi ń yọ́, ìyẹn 1085 Sẹ́líṣíọ̀sì, nǹkan bí àyè kan nínú 10,000 ló máa ń ṣófo. Àléébù tó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ tiwa ni èyí tí mo máa pè ní ìlà ayẹ̀. Ìpele átọ́ọ̀mù kan lè bẹ̀rẹ̀ láti òkè kó má dé ìsàlẹ̀, kó dúró sí agbede méjì. Etí ibi tó dúró sí ni ìlà ayẹ̀. Ní 1926, Jacov Frenkel ṣírò agbára tó yẹ kí ó ná ènìyàn láti mú ìpele kan yọ̀ kọjá lórí èkejì, iye tó rí sì ju èyí tí irin ń gbà lójú ayé lọ fíìfíì. Ní 1934, Geoffrey Taylor, Egon Orowan àti Michael Polanyi, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ìpele kì í yọ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Ìlà ayẹ̀ ló ń sún: ìdè kan á já, òmíràn á so níwájú rẹ̀, títí ìlà náà á fi yọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Òun ló jẹ́ kí ènìyàn lè ká wáyà bàbà pẹ̀lú ọwọ́ lásán.

Nọ́ọ̀tì olówó pọ́ọ́kú ni àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ọ̀pá idẹ ni wọ́n fà ní tútù gba ojú ihò tó kéré jù ú, kó lè dọ́gba, wọ́n wá fi ẹ̀rọ gé e. Ìfà yẹn máa ń sọ ìlà ayẹ̀ di púpọ̀ rẹpẹtẹ. Ká ní a lè tò wọ́n mọ́ra gbọọrọ, èyí tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà kúúbù kan irin tó rọ̀ lè tó kìlómítà 10 sí 1,000. Nínú èyí tí wọ́n fà ní tútù gidigidi, á kọjá mílíọ̀nù kan. Wọ́n á há mọ́ ara wọn, wọn kò ní lè sún mọ́, idẹ á sì le. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé ìfà náà kì í dọ́gba. Àárín ọ̀pá nà ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, bí wọ́n bá sì tú u sílẹ̀, ẹ̀yìn á wà ní fífà, àárín á wà ní títẹ̀, síbẹ̀ ojú kò ní rí nǹkan kan. Nọ́ọ̀tì tí ẹ rà nínú páálí, tí ẹ kò tíì dè mọ́ ohunkóhun, ti ń fa ara rẹ̀.

Ohun tí afẹ́fẹ́ ilé adìẹ ṣe

Fífà nìkan kì í la idẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tilé ìdáná kò fi sán. Nínú ilé ọmọ adìẹ, ìgbẹ́ wà nínú èérún pákó tó tutù, kòkòrò àìfojúrí á sì sọ ásíìdì inú ìgbẹ́ náà di amóníà, òórùn tó máa ń ta ènìyàn lójú. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ adìẹ ń fúnni ni pé kó má ju ìdá 25 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́ lọ. Ti ilé yìí ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa ní òwúrọ̀, nítorí pé wọ́n ti da tapọ́lì bo gbogbo fèrèsé kí òtútù má baà wọlé. Ìrì á sẹ̀ sára nọ́ọ̀tì, amóníà á yọ́ sínú ìrì, ó sì ti rí bàbà jẹ nìyẹn. Àwọ̀ aró tí mo rí létí ojú sísán, èyí tí amóníà àti bàbà máa ń dà bí wọ́n bá pàdé nínú omi ni. Ibi tí ó ti kọ́kọ́ ráyè wọlé ni ààlà hóró, níbi tí kò sẹ́ni tó di átọ́ọ̀mù mú dáadáa. Bó bá jẹ díẹ̀, fífà tó ti wà nínú nọ́ọ̀tì á ṣí i, ojú tuntun á yọ, amóníà á tún wọlé.

Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Íńdíà ti rí i: ìkarahun ọta ìbọn wọn, tí wọ́n fi idẹ onísínkì 30 ṣe, máa ń sán nígbà òjò níbi tí wọ́n kó o pamọ́ sí. Wọ́n ń kó ọta sí ilé ẹṣin, ìtọ̀ ẹṣin sì ń mú amóníà jáde. Ní 1921 ni Moore, Beckinsale àti Mallinson tẹ àlàyé tó yanjú rẹ̀ jáde. Mo sọ ìtàn yìí fún ìyá olóko, ó wò mí, ó ní, “Ẹṣin Gẹ̀ẹ́sì ló wá bá mi dé Rẹ́mọ?”

Ọ̀gá onígáàsì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní idẹ ti pẹ́ nílẹ̀ yìí ju spánà lọ, òun kò sì gbọ́ rí pé edan Òṣùgbó kankan sán. Ìbéèrè tó dára ni. Dídà ni wọ́n ń da edan. Ìda ni wọ́n fi ń ya àwòrán rẹ̀, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda dànù, wọ́n á wá da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fà á ní tútù gba ojú ihò, ìlà ayẹ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀, kò sì ní fífà tó tó nǹkan nínú. Mo rò pé ìdáhùn yìí wọ̀ ọ́ lára ju gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ lọ.

Ìdánwò àti àtúnṣe

Síbẹ̀ ó ní kí n fi han òun. Mo mú nọ́ọ̀tì tuntun kan láti inú páálí rẹ̀. Mo mú irú rẹ̀ mìíràn, mo kọ́kọ́ fi sínú iná ìléru wa ní 275 Sẹ́líṣíọ̀sì fún wákàtí kan. Ẹ̀kẹta jẹ́ nọ́ọ̀tì tó wọ́n jù wọ́n lọ, èyí tí wọ́n rọ nígbà tí idẹ ṣì gbóná pọ́n. Mo so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ sínú ìgò tí amóníà olómi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mo dé e pa, gbogbo wa sì lọ sùn.

Nígbà tí a ṣí i lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn ti ṣú. Èyí tó wá tààrà láti inú páálí ti sán ní ojú méjì. Ọ̀gá fi ìka pa á, ó fi awò wò ó, ó tún wo méjì tó kù, tí nǹkan kan kò ṣe. Ooru 275 kò tó láti yọ́ idẹ tàbí láti sọ ọ́ di rírọ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ó tó kí àwọn átọ́ọ̀mù lè sún díẹ̀, kí fífà inú rẹ̀ tú. Èyí tí wọ́n rọ ní gbígbóná kò tilẹ̀ kó fífà náà jọ, nítorí bó ṣe ń gba òòlù ni hóró tuntun ń hù nínú rẹ̀.

Ìyá olóko bi mí bóyá wọn kò lè fi páálí tó kù sínú ààrò búrẹ́dì ládùúgbò. Mo ní rárá. Ooru ààrò búrẹ́dì kò dọ́gba, ó sì lè má dé 250. Ẹni tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ di gáàsì mú kò gbọdọ̀ máa méfò. Àwọn tí wọ́n rọ ní gbígbóná ni wọ́n rà, wọ́n sì dè wọ́n sí gbogbo ilé adìẹ. Níbi tó bá ṣeé ṣe, ọ̀gá gbé oríkèé páìpù jáde sí ẹ̀yìn ògiri, ó sì fi páìpù bàbà odindi wọlé. Páìpù yẹn kò sán láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbà tí kò ní sínkì kì í fi bẹ́ẹ̀ kó àìsàn yìí, idẹ tí sínkì rẹ̀ kò tó 15 nínú 100 náà kì í sì fi bẹ́ẹ̀ kó o. Wọ́n ń ká tapọ́lì sókè díẹ̀ lọ́sàn-án báyìí, wọ́n sì tètè ń kó èérún pákó tó bá tutù. Ọṣẹ ń kàn gbogbo oríkèé kí ọmọ adìẹ tuntun tó wọlé.

Ọ̀gá dá owó padà fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ṣe fírídọ̀mù náà ní ọjọ́ Sátidé kan ní Ìlíṣàn, ìkọ́kọrẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ta páálí nọ́ọ̀tì náà ní òun kò gba ọjà tó ti jáde padà, pé inú ilé adìẹ kò sí nínú ohun tí òun sọ pé kí wọ́n lò ó fún.

Nínú páálí yẹn kan náà ni ọ̀gá ti mú nọ́ọ̀tì lọ sí àwọn oko mìíràn ní apá Ìpẹ̀rù àti Ṣàgámù. Òun àti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ló ń lọ láti oko dé oko báyìí, wọ́n ń bẹ àwọn olóko kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ wọn. Púpọ̀ ti gbà. Ọ̀kan ní Ìpẹ̀rù ní tòun kò jò, kí wọ́n máa lọ.